Gbàgede Akọni àti Ojú Ẹ̀gbọ́n Bàbá Mi

Mo kórìíra gbàgede náà kí wọ́n tó kó búlọ́ọ̀kù àkọ́kọ́ débẹ̀. Ilẹ̀ gbalasa kan ni, kò jìnnà sí Ọjà Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́, níbi tí àwọn ìyá máa ń sá èlùbọ́ àti ata sí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bí èèyàn bá gba ibẹ̀ kọjá, á sín. Ilẹ̀ tó wúlò ni. Lọ́jọ́ kan, àwọn ọlọ́lá kan nínú ìlú kó ara wọn jọ, wọ́n ní ìlú tó tóbi tó báyìí kò gbọdọ̀ wà láìní gbàgede tí wọ́n á ti máa rántí àwọn akọni orílẹ̀-èdè. Bóyá wọ́n rí irú ẹ̀ nílùú òyìnbó ni o, bóyá ara kàlẹ́ńdà ni wọ́n ti rí i, n kò mọ̀. Wọ́n lé àwọn ìyá eléèlùbọ́ kúrò, wọ́n da sìmẹ́ńtì sílẹ̀, wọ́n mọ pèpéle gíga mẹ́rin, wọ́n sì pe ibẹ̀ ní Gbàgede Akọni. Nígbà ìjọba ológun ni, ní bí ọdún mélòó kan kí ọ̀rúndún tó parí, tí gbogbo nǹkan wọ́n gógó, tí sìmẹ́ńtì pàápàá ti di ohun tí èèyàn ń fi ojú wá.

Èmi ni akọ̀wé ìgbìmọ̀ tó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Mo ti jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, iṣẹ́ tíṣà tí mo ń wá kò tíì bọ́ sí i, mo sì mọ taipuráítà lò. Mo máa ń jókòó sí igun tábìlì, wọ́n á máa sọ̀rọ̀, èmi á máa kọ ọ́ sílẹ̀. Àwọn mẹ́fà ni wọ́n, kò sì sí ẹyọ kan nínú wọn tó lè sọ fún mi ohun tí àwọn akọni náà ṣe gan-an. Ìpàdé mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi jiyàn lórí ta ni yóò jókòó síbo lọ́jọ́ ìṣíde. Ìpàdé kan ṣoṣo ni wọ́n fi yan àwọn akọni, ìyẹn náà sì parí kí oúnjẹ tó wọlé. Wọ́n mú òṣèlú tó jà fún òmìnira, wọ́n mú jagunjagun ayé àtijọ́ tó di idà mú, wọ́n mú obìnrin kan, wọ́n sì mú sójà kan tí yóò dúró fún gbogbo ọmọ wa tó kú sógun òyìnbó. Mo béèrè pé obìnrin wo. Wọ́n ní kí n ṣáà kọ "obìnrin", pé ó yẹ kí obìnrin kan wà níbẹ̀.

Alága wọn ló burú jù. Àgbà ni, ó sì yẹ kí n máa pè é ní "wọn" bí ọmọ Yorùbá tó gba ẹ̀kọ́ ilé. Lójú ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni mo ń ṣe. Nínú ìwé tèmi, "ó" tó o. Agbaṣẹ́ṣe ni, irú èyí tí í kọ́ ilé ẹ̀kọ́ tí ilẹ̀kùn ẹ̀ kì í pa dé. Bó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, á kọ́kọ́ wúkọ́ kí a lè dákẹ́, bẹ́ẹ̀ a ti dákẹ́ tipẹ́. Òun ló sọ fún mi pé akọni kì í kú. Mo kọ ìyẹn náà sílẹ̀.

Ǹ bá ti fi wọ́n sílẹ̀, bí kò bá ṣe ti sójà yẹn.

Bàbá mi ní ẹ̀gbọ́n kan, ọmọ ìyá àti bàbá kan náà, tó wọṣẹ́ ológun tí wọ́n sì kó lọ sí ogun Bọ́mà. Bàbá mi kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́jọ lọ nígbà náà. Takie, nílùú wa Ògbómọ̀ṣọ́, ni wọ́n ti rí i gbẹ̀yìn, lẹ́yìn lọ́rì kan, tó ń juwọ́ sí wọn. Lẹ́yìn ọdún bíi mélòó kan, lẹ́tà dé, ẹnì kan sì kà á fún wọn pé ó ti kú. Kò sí òkú, kò sí ẹrù, kò sí ẹni tó mọ ibi tí wọ́n sin ín sí. Ìyá tó bí wọn kọ̀ jálẹ̀, wọ́n ní òkú tí àwọn kò fojú rí, àwọn kò ní sunkún ẹ̀. Títí màmá náà fi kú, wọn kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣàdúrà òkú fún un nínú ilé wọn.

Nílùú wa, inú ilé là ń sin òkú wa sí. Ojú oórì wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí lẹ́yìnkùlé, èèyàn á gba ẹ̀gbẹ́ bàbá ẹ̀ kọjá lọ bu omi. Bàbá mi máa ń sọ pé nínú gbogbo ẹbí, ẹ̀gbọ́n àwọn nìkan ni kò ní ibi tí èèyàn lè dúró sí kó kí i. Bí wọ́n bá ti sọ ọ́, a ó mọ̀ pé kí a má bi wọ́n ní nǹkan kan.

Ahunṣọ òfì ni bàbá mi. Lọ́jọ́ kan tí mo lọ kí wọn nílé, mo jókòó tì wọ́n nídìí òfì, mo ń sọ̀rọ̀ àwọn ìgbìmọ̀ náà fún wọn, mo ń fi wọ́n ṣẹ̀sín. Mo sín alága jẹ. Mo sọ ti obìnrin tí kò lórúkọ. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo dé orí sójà, ẹ̀rín dá.

"Ojú ta ni wọ́n máa fi fún un?" ni wọ́n bi mí.

"Kò sójú ẹnì kankan, bàbá. Ojú tó bá ṣáà ti wu ẹni tó ń mọ ọ́n ni."

Wọ́n dá ọwọ́ dúró. "Tó bá jẹ́ ojú tó bá wu èèyàn ni, èmi ní ojú kan lọ́wọ́."

Wọ́n wọ yàrá, wọ́n mú fọ́tò kan jáde láti inú àpótí. Òun nìkan ni fọ́tò ẹ̀gbọ́n wọn tó kù. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà nínú aṣọ kákì, ó dúró ṣinṣin, ilà gọ̀mbọ́ Ògbómọ̀ṣọ́ kún ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ méjèèjì. Wọ́n ní kí n bá àwọn gbé e fún oníṣẹ́ ère náà. N kò lè sọ pé rárá. Bàbá mi kì í bẹ èèyàn, ọjọ́ náà ni wọ́n bẹ̀ mí.

Oníṣẹ́ ère tí ìgbìmọ̀ gbé iṣẹ́ fún, ọmọ ìlú wa ni. Kìnnìún sìmẹ́ńtì tó máa ń mọ sórí géètì àwọn olówó ló sọ ọ́ di olókìkí. Ọ̀kan wà lójú ọ̀nà Takie tí gbogbo àdúgbò ń pè ní ewúrẹ́. Nítorí náà, n kò retí nǹkan kan lọ́wọ́ ẹ̀ nígbà tí mo yọ́ gbé fọ́tò náà fún un. Ó wò ó títí, ó ní ojú tí òun rí sàn ju ojú tí òun máa rò lọ, ó ní kí n má sọ fún àwọn ará Ọ̀yọ́. Ta ni ń bá ará Ọ̀yọ́ sọ̀rọ̀?

Ọlọ́run nìkan ló mọ bó ṣe ṣe é. Òṣèlú tó mọ, kò jọ èèyàn. Jagunjagun tó mọ di idà mú bí ẹni tó fẹ́ gé iṣu. Ṣùgbọ́n sójà náà ń wo èèyàn. Ẹ̀rù tilẹ̀ bà mí nígbà tí mo wọ àgbàlá ẹ̀ tí mo rí i. Mo lọ mú bàbá mi wá. Wọ́n dúró níwájú ẹ̀, wọ́n fi ìka tọ ilà ojú ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì jókòó sórí àpò sìmẹ́ńtì, wọ́n sunkún. N kò rí kí bàbá mi sunkún rí. Oníṣẹ́ ère ní kí wọ́n ṣàdúrà fún un, wọ́n mi orí.

"Kì í ṣe níbí. Ó di ìgbà tó bá dúró sí àyè ẹ̀."

Àwọn kan ní mọ́sálásí gbọ́ sí i, wọ́n bá wọn wí pé kí ló pa Mùsùlùmí pọ̀ mọ́ ère. Bàbá mi fèsì pé àwọn kò fẹ́ forí balẹ̀ fún un, ẹ̀gbọ́n àwọn ni, àwọn kàn fẹ́ kí i ni. Wọn kò bá wọn jiyàn ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Wọ́n kó àwọn ère náà wá sí Ọ̀yọ́ nínú típà, wọ́n gbé wọn sórí pèpéle. Òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ni ẹ̀rín bẹ́ sílẹ̀ ní Akẹ̀sán. Òṣèlú tó jà fún òmìnira na ọwọ́ sí ọ̀nà ààfin, ọwọ́ òsì ló sì nà. Nínú ìlú tí ọmọ ọdún méjì ti mọ̀ pé a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni! Àwọn ọlọ́lá mẹ́fà rí àwòrán iṣẹ́ náà lórí ìwé, wọ́n buwọ́ lù ú, kò sí ẹni tó wo ọwọ́. Àwọn ìyá tí wọ́n lé kúrò níbẹ̀ ló kọ́kọ́ rí i. Ọ̀kan nínú wọn gbé igbá ata ẹ̀ sọ̀kalẹ̀, ó kígbe sí ère náà pé, "Bàbá, ẹ mà kúkú bú wa tán!" Gbogbo ọjà gbà á lẹ́nu ẹ̀. Fún odidi ọ̀sẹ̀ kan, ọwọ́ òsì ni àwọn alápatà fi ń kí alága láti ọ̀ọ́kán, inú mi sì ń dùn kọjá sísọ.

Mi ò mọ̀ pé ẹ̀rín náà máa dé ọ̀dọ̀ tèmi. Ojú ti alága, inú sì bí i. Ó ní òun fúnra òun máa yẹ gbogbo ère wò láti orí dé ẹsẹ̀ kí àwọn ọlọ́jà tó tún rí nǹkan mìíràn. Ó pe oníṣẹ́ ère, ó pe èmi pé kí n mú ìwé dání. Wọ́n gé ọwọ́ òṣèlú méjèèjì, wọ́n so òmíràn mọ́ ọn, ọ̀tún ló wá nà báyìí, èyí tó nà náà sì gùn débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan orúnkún bó bá sọ̀kalẹ̀. Alága ní ó dáa. Ó kọjá lára jagunjagun, ó kọjá lára obìnrin, ó dúró níwájú sójà.

"Ọmọ ibo nìyí?"

"Sójà ni, sà," ni oníṣẹ́ ère wí.

"Mo rí i pé sójà ni. Ilà ojú ẹ̀ ni mò ń wí. Gọ̀mbọ́? Ní ìlú Aláàfin? Kí wọ́n lè ní Ọ̀yọ́ ò bí akọni, la ṣe lọ yá ti Ògbómọ̀ṣọ́ lò?"

Òun tó ń sọ̀rọ̀ ilà yìí o, òbọ̀rọ́ lojú tiẹ̀, kò sí ilà kankan níbẹ̀. Oníṣẹ́ ère wò mí. Ó ń retí pé kí n sọ̀rọ̀. Gbólóhùn kan péré ló yẹ kí n sọ: ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni, ó kú sógun náà lóòótọ́, òun nìkan ni akọni tó kú tó sì lójú nínú gbogbo àwọn tí ẹ kó síbí. Ṣùgbọ́n bí mo bá sọ ọ́, wọ́n á mọ̀ pé èmi ni mo fi ọgbọ́n gbé ẹbí mi wọ gbàgede wọn. Alága sì ti ṣèlérí pé òun á bá mi sọ̀rọ̀ níbi tí wọ́n ti ń gba tíṣà. Mo wo inú ìwé ọwọ́ mi bí ẹni tó ń wá nǹkan níbẹ̀.

"Dí gbogbo ẹ̀," ni alága wí. "Bu àbàjà ti Ọ̀yọ́ sí i. Akọ̀wé, kọ ọ́ sílẹ̀."

Mo kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tó di ọ̀sán, mo tẹ̀ ẹ́ ní ẹ̀dà mẹ́ta.

Sìmẹ́ńtì tuntun lórí ti àtijọ́, ojú sójà náà wú bí ojú ẹni tí oyin ta. Àbàjà tí wọ́n bù sí i kò dọ́gba. Ọmọkùnrin tó ń wo èèyàn ti lọ, ẹnì kan tí n kò mọ̀ rí ló dúró síbẹ̀. Oníṣẹ́ ère dá fọ́tò padà fún mi. Ọ̀sẹ̀ méjì ló kù kí ìṣíde tó pé. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo lọ sílé láàárín ẹ̀, bàbá mi ń bi mí bí ẹ̀gbọ́n àwọn ṣe wà, èmi náà ń dáhùn pé ó wà dáadáa.

Lọ́jọ́ ìṣíde, wọ́n ti kó àwọn ọmọ ilé ìwé síta sínú oòrùn láti aago mẹ́jọ. Àwọn ọlọ́lá dé ní aago méjìlá, wọ́n jókòó sábẹ́ àgọ́. Alága ka ọ̀rọ̀ tí mo kọ fún un. Ó fo ojú ewé kejì pátápátá, kò sí ẹni tó mọ̀, òun gan-an kò mọ̀. Wọ́n fa aṣọ funfun kúrò lórí àwọn ère, àwọn ọmọ pàtẹ́wọ́ bí tíṣà wọn ṣe ní kí wọ́n pa á, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í pín mọ́ínmọ́ín lábẹ́ àgọ́. Kò sí ẹni tó lọ wo akọni kankan. Bí wọ́n ṣe bọ̀wọ̀ fún àwọn òkú náà nìyẹn.

Ẹnì kan ló lọ. Mo rí bàbá mi tí wọ́n ń bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ ọjà, nínú dàńdógó òfì tí wọ́n hun fúnra wọn, àpò kékeré kan lọ́wọ́ wọn. Bọ́ọ̀sì àárọ̀ ni wọ́n wọ̀ láti Ògbómọ̀ṣọ́. Mo sáré pàdé wọn, mo dọ̀bálẹ̀, mo ń rò ó bí mo ṣe máa yà wọ́n kúrò níbẹ̀. Wọ́n kọjá lára mi. Wọ́n dúró níwájú sójà, wọ́n gbójú sókè, wọ́n wò ó títí.

"Ta nìyí?"

"Ẹ̀gbọ́n yín náà ni, bàbá. Òjò ló bà á lójú jẹ́ kó tó gbẹ, ni wọ́n bá tún un ṣe."

"Àbàjà ni òjò bù sí i?"

Wọ́n mí kanlẹ̀. Wọn kò bínú, ìbá sì tù mí lára bí wọ́n bá bínú. Wọ́n wo mábù tó wà lẹ́sẹ̀ ère náà.

"Ó dáa. Ojú lè bàjẹ́. Orúkọ ẹ̀ ńkọ́? Wọ́n kọ orúkọ ẹ̀?"

Ìlà méjì ló wà lára mábù náà. Ti òkè kéré, ó ní, "Fún àwọn ọmọ wa tí a kò mọ orúkọ wọn." Ti ìsàlẹ̀ jẹ́ lẹ́tà gàdàgbà gàdàgbà, orúkọ alága ni, oyè mẹ́ta ló ṣáájú ẹ̀. Bàbá mi kò mọ ìwé. Ojú wọn ń wò mí. Mo na ìka sí orúkọ alága.

"Òun nìyí, bàbá."

Wọ́n sún mọ́ ọn, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ bo ìlà náà mọ́lẹ̀. Wọ́n kí i. Wọ́n ní màmá ti wá bá a láti ọjọ́ tó ti pẹ́, pé kó má bínú sí wọn, ìfẹ́ ló jẹ́ kí wọ́n kọ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n ṣàdúrà òkú tí ẹnikẹ́ni kò ṣe fún un rí. Wọ́n ní kí Ọlọ́run forí àṣìṣe ẹ̀ jì í, kó fọ̀run kẹ́ ẹ, kó tan ìmọ́lẹ̀ sínú sàréè ẹ̀ níbikíbi tó bá wà. Orí orúkọ alága ni ọwọ́ wọn wà, alága fúnra ẹ̀ sì ń la ewé mọ́ínmọ́ín kejì lábẹ́ àgọ́. Bó bá jẹ́ ọjọ́ mìíràn ni, ǹ bá rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú mi. Mo ṣe àmín.

Bàbá mi nu ojú wọn. "Bá mi kọ orúkọ ẹ̀ sórí ìwé," ni wọ́n wí. "Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ síbí yìí gan-an. Mo fẹ́ gbé e lọ sílé."

Bí mo bá jẹ́ òpùrọ́ tó mọṣẹ́ ẹ̀, orúkọ alága ni ǹ bá kọ fún wọn. N kò lè ṣe é. Mo fa ewé kan ya nínú ìwé ìpàdé, mo kọ orúkọ ẹ̀gbọ́n wọn sí i, orúkọ rẹ̀ àti ti bàbá wọn, mo sì nà án sí wọn.

Ẹni tó bá fẹ́ kí bàbá mi hun irú aṣọ kan, kò ní ṣàlàyé, á kàn kó aṣọ náà wá ni. Wọ́n á tẹ́ ẹ sílẹ̀, wọ́n á wo ọnà ara ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì, ohun tí wọ́n bá hun á sì bá a mu láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Báyìí ni wọ́n ṣe gbé ìwé náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ mábù. Wọ́n wo ìwé, wọ́n wo mábù. Ìka wọn ń bá lẹ́tà lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, níbi tí ti orí ìwé ti tán, ti ara mábù ṣì ń lọ. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá. Tèmi kò lo tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Wọ́n ká ìwé náà, wọ́n fi sápò, wọ́n sì fọwọ́ tẹ àpò náà mọ́ àyà.

"Èyí tó wà lọ́wọ́ mi yìí ni tiẹ̀," ni wọ́n wí.

Mo ní kí n bá wọn gbé àpò kékeré wọn dé ibùdókọ̀. Wọ́n ní kí n má ṣe ìyọnu, kí n padà sẹ́nu iṣẹ́ mi, pé àwọn ọ̀gá mi lè máa wá mi. Lóòótọ́, alága ti dìde lábẹ́ àgọ́, ó ń nu ẹnu, ó ń pariwo pé akọ̀wé dà. Bàbá mi ń lọ ní tiwọn, wọn kò bojú wẹ̀yìn. Mo dáhùn pé, "Sà," mo sì sáré lọ bá a.